Kí Kílò Tó Lọ Má Padà: Ìbéèrè àti Ìdáhùn fún Ẹni Tó Ti Ṣe Iṣẹ́ Abẹ Ìdínsanrakù

Oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ tí wọ́n fi ń dín sanra kù kì í le tó bá di ọ̀rọ̀ kílò. Òṣùwọ̀n ń wálẹ̀, aṣọ ń tú lára, àwọn èèyàn ń kí yín lọ́tùn-ún lósì. Ẹ̀yìn ọdún kan àbọ̀ ni ìbéèrè máa ń bẹ̀rẹ̀, nígbà tí òṣùwọ̀n bá dúró sójú kan, tẹ́nikẹ́ni ò sì kí yín mọ́. Èmi náà ṣe é. Sleeve ni tèmi, ìyẹn èyí tí wọ́n ti ń gé apá tó pọ̀ jù nínú àpòlúkù dànù, ó ti lé lọ́dún méje. Mi ò kì í ṣe dókítà. Ohun tí mo gbọ́ lẹ́nu àwọn tó ń tọ́jú mi, ohun tí ìwádìí ti fìdí ẹ̀ múlẹ̀ àti díẹ̀ lára àṣìṣe tèmi ni mo kọ síbí. Ẹ má fi rọ́pò ọ̀rọ̀ dókítà yín.

Ṣé lóòótọ́ ni kílò máa ń padà lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ?

Díẹ̀ máa ń padà sára ọ̀pọ̀ èèyàn. Kí gbogbo ẹ̀ padà pátápátá, ìyẹn ò wọ́pọ̀. Lọ́dún 1987, àwọn oníwádìí ní Sweden bẹ̀rẹ̀ ìwádìí kan tí wọ́n ń pè ní Swedish Obese Subjects. Wọ́n tẹ̀ lé èèyàn tó lé ní 4,000. Nǹkan bí ìdajì wọn ṣe iṣẹ́ abẹ, àwọn tó kù gba ìtọ́jú tí kò la abẹ lọ. Àwọn tó ṣe bypass, ìyẹn èyí tí wọ́n ti ń dá àpò kékeré sílẹ̀ lára àpòlúkù, tí wọ́n á sì so ó mọ́ ìfun, pàdánù nǹkan bí ìdá 32 nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n ara wọn láàárín ọdún kìíní sí ìkejì. Nígbà tó máa fi pé ọdún mẹ́wàá, ó ti sún sí ìdá 25. Àwọn tí wọ́n fi ìgbànú kékeré de orí àpòlúkù wọn bẹ̀rẹ̀ láti ìdá 20, wọ́n sì parí sí ìdá 14.

Ẹ bá mi ṣírò ẹ̀. Ẹni tó jẹ́ kílò 130 kó tó ṣe bypass lè wálẹ̀ sí nǹkan bíi 88 lọ́dún kejì, kó sì wà ní 97 tàbí 98 lọ́dún kẹwàá. Tó bá jẹ́ 88 yẹn ló ń wò lójoojúmọ́, á ní òun ti ba gbogbo nǹkan jẹ́. Bẹ́ẹ̀ ó ti gbé kílò tó lé ní 30 sọ nù fún odindi ọdún mẹ́wàá. Nínú ìwádìí yẹn náà, ewu ikú fi nǹkan bí ìdá 29 nínú ọgọ́rùn-ún dín kù lára àwọn tó ṣe iṣẹ́ abẹ. Àwọn kan náà tí kílò díẹ̀ padà sí lára ni mò ń sọ o.

Mi ò jẹun púpọ̀ mọ́. Kí ló wá ń gbé òṣùwọ̀n gòkè?

Ara ò mọ̀ pé ẹ ṣe iṣẹ́ abẹ. Ohun tó mọ̀ ni pé ọ̀rá tó tọ́jú pamọ́ ń tán lọ, ó sì gbà pé ìyàn ti mú. Ó wá ń ṣọ́ ọ̀rá yẹn ná. Ara tó ti kéré kì í jó oúnjẹ tó ti tẹ́lẹ̀, ó sì tún lè dín in kù ju bó ṣe yẹ fún irú ìtóbi yẹn lọ. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó ti jẹ́ 130 rí, tó wá di 90, fi lè nílò oúnjẹ tó kéré sí ti ẹni tó ti ń jẹ́ 90 látilẹ̀wá. Kò dáa lójú, ṣùgbọ́n bó ṣe rí nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ họ́mọ̀nù, ìyẹn èròjà tí ara fi ń ránṣẹ́ láti ibì kan sí ibòmíì, tún wà ńbẹ̀. Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní Japan ṣàwárí ghrelin lọ́dún 1999. Òun ló ń sọ fún ọpọlọ pé ebi ti dé. Apá òkè àpòlúkù ló ti ń wá jù, apá yẹn gan-an sì ni wọ́n máa ń gé dànù nínú sleeve. Abájọ tí ebi fi sá lọ fún ọ̀pọ̀ wa lóṣù àkọ́kọ́. Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, họ́mọ̀nù bíi GLP-1 àti PYY, tí wọ́n ń sọ pé "ó tó," á tún máa jáde dáadáa lẹ́yìn oúnjẹ. Nítorí náà, kì í ṣe kíkéré àpòlúkù nìkan ló ń ṣiṣẹ́ yẹn. Àmọ́ bọ́dún ṣe ń gorí ọdún, ebi máa ń rọra wá padà. Ẹni tí ebi ò pa rí lọ́dún kìíní á wá rò pé nǹkan kan ti bàjẹ́ nínú òun, nígbà tó jẹ́ pé ara ń ṣe ohun tí ara máa ń ṣe ni.

Ẹ wo oògùn tí ẹ ń lò náà. Insulin, oògùn steroid, àwọn kan lára oògùn ìsoríkọ́ àti ti àìsàn ọpọlọ máa ń gbé kílò gòkè. Ẹ má dá a dúró fúnra yín. Ẹ bi dókítà bóyá òmíràn wà tí kò ní ṣe bẹ́ẹ̀. Àìsùn tó náà ń dá kún un.

Àbí àpòlúkù mi ti fẹ̀ padà ni?

Ìbéèrè tí gbogbo wa kọ́kọ́ ń bi ara wa nìyí. Nínú sleeve, nǹkan bí ìdá 75 sí 80 nínú ọgọ́rùn-ún àpòlúkù ni wọ́n máa ń gé kúrò. Nínú bypass, àpò kékeré tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá sílẹ̀ sábà máa ń gba nǹkan bíi mílílítà 30, kò tó ẹyin adìyẹ kan. Ojú ọgbẹ́ á kọ́kọ́ wú, á sì le. Tó bá ti jinná, á rọ̀, á sì máa gba oúnjẹ díẹ̀ sí i. Tí ẹ bá ń jẹ ju iye tí ẹ ń jẹ lóṣù kejì lọ nígbà tó di ọdún kejì, kò sí nǹkan kan tó bàjẹ́. Ẹ ò sì lè fi àjẹyó ọjọ́ kan ṣoṣo fẹ̀ ẹ́ lójú.

Òótọ́ ni pé nǹkan lè ṣẹlẹ̀ níbi iṣẹ́ abẹ fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn bypass, ẹnu ọ̀nà tó so àpò kékeré yẹn mọ́ ìfun lè fẹ̀, tàbí kí ọ̀nà kan lu láàárín àpò tuntun àti àpòlúkù àtijọ́. Dókítà lè fi kámẹ́rà ọ̀nà ọ̀fun tàbí fọ́tò X-ray wò ó. Tí ẹ bá ṣàdédé rí i pé ẹ ń jẹ oúnjẹ tí ẹ ò lè jẹ tẹ́lẹ̀ láìyó rárá, ẹ lọ ṣàyẹ̀wò. Ṣùgbọ́n lójú tèmi, ibi tó yẹ kí èèyàn kọ́kọ́ yẹ̀ wò ni ohun tó wà nínú ìdáhùn tó kàn yìí.

Oúnjẹ wo gan-an ló ń tú wa fó?

Èyí tó ń yọ́ lẹ́nu. Bisikíìtì, ṣokoléètì, áìsìkiriìmù, ohun mímu dídùn. Ẹ jẹ ẹran díẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀fọ́, á jókòó sínú yín, á sì sọ pé ó tó. Bisikíìtì kì í jókòó. Á yọ́, á kọjá, àyè á tún ṣí fún òmíràn. Àpòlúkù kékeré lè dá àwo ìrẹsì dúró, ṣùgbọ́n kò lágbára lórí ohun tó ń ṣàn. Ẹni tó ṣe iṣẹ́ abẹ tó dáa jù láyé lè fi ṣíbí áìsìkiriìmù borí rẹ̀.

Èkejì ni ẹnu tí kì í dilẹ̀. Ọ̀kan níhìn-ín, ẹyọ kan lọ́hùn-ún, ìyókù oúnjẹ ọmọ tí a ò fẹ́ dànù. Díẹ̀ díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Mo lè jẹ́rìí sí i. Lọ́dún kẹta, mò ń jẹ oúnjẹ kékeré mẹ́ta lójúmọ́, mo sì lè fi ohunkóhun búra pé mi ò jẹ nǹkan míì. Onímọ̀ oúnjẹ tó ń tọ́jú mi ò bá mi jiyàn. Ó ní kí n kàn kọ gbogbo ohun tó bá gba ẹnu mi wọlé sílẹ̀ fún ọjọ́ méje, títí kan èyí tí mo bá tọ́ wò lórí iná. Nígbà tó di ọjọ́ kẹrin, mi ò fẹ́ kọ ọ́ mọ́, torí pé ojú ìwé ti ń kún. Mi ò parọ́ tẹ́lẹ̀ o. Mi ò rí i ni.

Nǹkan tó ràn mí lọ́wọ́ kì í ṣe ìfòfindè. Mo dá àkókò fún oúnjẹ, pẹ̀lú ìpanu kan ṣoṣo. Tí àkókò bá ti kọjá, ilé ìdáná ti tì. Mo sì ń bu oúnjẹ sínú àwo, mi ò jẹ ẹ́ nínú páálí, torí páálí kì í sọ fún èèyàn pé ó tó.

Báwo ló ṣe yẹ kí oúnjẹ mi rí lẹ́yìn ọdún mélòó kan?

Purotéènì ló ń ṣíwájú. Ó kéré tán, gíráàmù 60 sí 80 lójúmọ́ ni wọ́n sábà máa ń ní ká jẹ. Dókítà lè sọ pé kí tiyín jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹyin kan ní nǹkan bíi gíráàmù 6. Gíráàmù 100 ẹran adìyẹ tó ti jinná ní nǹkan bíi 30. Ẹja, wàrà àti ẹ̀wà náà wà ńbẹ̀. Purotéènì máa ń jẹ́ kéèyàn yó pẹ́, ó sì ń dáàbò bo iṣan ara. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ẹ̀fọ́. Oúnjẹ afúnnilókun bíi búrẹ́dì àti ìrẹsì ló máa kẹ́yìn, tí àyè bá ṣẹ́ kù. Ní tèmi, àyè kì í sábà ṣẹ́ kù, ibẹ̀ sì ni ọgbọ́n ẹ̀ wà.

Ẹ rún oúnjẹ dáadáa, ẹ fi nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú jẹ ẹ́. Omi ń bọ̀ ní nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lẹ́yìn oúnjẹ, kì í ṣe pẹ̀lú rẹ̀. Òfin omi yìí ni ọ̀pọ̀ wa máa ń kọ́kọ́ pa tì.

Tí mo bá jẹ nǹkan dídùn, àyà mi á máa já, mo sì máa ń làágùn. Kí nìyẹn?

Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ohun tí wọ́n ń pè ní dumping. Ṣúgà sáré wọ ìfun kékeré láìdúró. Ó lè ṣẹlẹ̀ láàárín wákàtí kan: inú rírun, ìgbẹ́ gbuuru, òógùn, àyà tó ń lù kìkì. Irú kejì ń dé ní wákàtí kan sí mẹ́ta lẹ́yìn oúnjẹ, nígbà tí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ bá já wálẹ̀ jù: ara á máa gbọ̀n, orí á máa fò lọ. Bypass ló ti wọ́pọ̀ jù. Ìwọ̀nyí ń dín kù tí a bá dín ṣúgà kù, ṣùgbọ́n tí èèyàn bá ń dákú, ó ti di ọ̀rọ̀ dókítà. Ẹ má sì gbọ́kàn lé dumping bí ẹ̀ṣọ́. Ọ̀pọ̀ ni kò ní in rí, ó sì ń fi àwọn kan sílẹ̀ bọ́dún ṣe ń lọ.

Ẹ̀ẹ̀melòó ló yẹ kí n máa gun òṣùwọ̀n?

Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀, lọ́jọ́ kan náà, láàárọ̀. Ní Amẹ́ríkà, àwọn oníwádìí dá àkójọ kan sílẹ̀ lọ́dún 1994 tí wọ́n ń pè ní National Weight Control Registry, fún àwọn tó ti dín ó kéré tán kílò 13 àti díẹ̀ kù tí wọn ò sì jẹ́ kó padà fún ó kéré tán ọdún kan. Ọ̀pọ̀ wọn ló ń gun òṣùwọ̀n lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀, tí wọ́n sì ń rìn tàbí ṣeré ìmárale fún nǹkan bíi wákàtí kan lójúmọ́.

Òfin tèmi ni kílò mẹ́ta. Tí òṣùwọ̀n bá fi kílò mẹ́ta kọjá iye tí mo máa ń wà, tó sì dúró síbẹ̀ fọ́sẹ̀ méjì, mo ti pe onímọ̀ oúnjẹ mi. Kílò mẹ́ta ṣeé dá padà. Kílò mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ń dẹ́rù bani, ẹ̀rù sì ni kì í jẹ́ ká ṣe nǹkan kan.

Ṣé dandan ni eré ìmárale?

Kì í ṣe òun ló ń gbé kílò sọ nù jù, ṣùgbọ́n ó wà lára ohun tí kì í jẹ́ kó padà. Ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀ ni ìpìlẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kí kílò dúró síbi tó wà á ṣe dáadáa tó bá sún mọ́ 300. Rírìn kíákíá ti tó. Ẹ fi gbígbé ohun wúwo kún un lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, torí tí a bá ń fọn, ọ̀rá nìkan kọ́ ló ń lọ. Iṣan ń bá a lọ, iṣan ló sì ń jó oúnjẹ.

Ó ti pé ọdún márùn-ún. Ṣé mo ṣì ní láti máa lo fítámì?

Títí ayé. Mi ò lè tún un sọ lọ́nà míì. Bypass gba ẹ̀gbẹ́ ibi tí ìfun ti máa ń gba irin àti calcium dáadáa kọjá. Sleeve dín ásíìdì àti èròjà tí a fi ń gba fítámì B12 kù. Ara máa ń ní B12 nípamọ́ fún ọdún mélòó kan, nítorí náà àìtó rẹ̀ lè máa fara hàn lẹ́yìn tí èèyàn ti gbàgbé pé òun ṣe iṣẹ́ abẹ rí. Ọwọ́ àti ẹsẹ̀ á máa jó bí ẹni pé èèrà ń rìn lára.

Wọ́n sábà máa ń kọ fítámì alápapọ̀, B12, fítámì D, irin àti calcium fún wa. Ti calcium jẹ́ mílígíráàmù 1,200 sí 1,500 lójúmọ́ fún ọ̀pọ̀ èèyàn, ẹ pín in sí ẹ̀ẹ̀mejì tàbí mẹ́ta, ẹ má sì lò ó pọ̀ mọ́ irin. Ẹ fi ó kéré tán wákàtí méjì sáàárín wọn, torí wọ́n ń dí ara wọn lọ́nà. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ wà lọ́dọọdún.

Ṣé mo lè mu ọtí?

Ọtí ń yára wọ inú ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn bypass àti sleeve, ó sì ń ga ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ife kan lè ṣiṣẹ́ ife méjì. Ẹ má wakọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ìwádìí kan tó jáde ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2012 rí i pé ìṣòro ọtí mímu pọ̀ sí i ní ọdún kejì lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, pàápàá lára àwọn tó ṣe bypass, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọdún kìíní ò fi nǹkan kan hàn. Àwọn kan wà tí oúnjẹ ló ń tù wọ́n nínú tẹ́lẹ̀. Nígbà tí oúnjẹ ò lè ṣe é mọ́, ọtí dúró sí àyè rẹ̀. Tí ẹ bá rí i lára ara yín, ẹ tètè sọ ọ́.

Oògùn ara ríro ńkọ́?

Ẹni tó ṣe bypass gbọ́dọ̀ yẹra fún ibuprofen, diclofenac àti àwọn ẹbí wọn, torí wọ́n ń dá ọgbẹ́ sí ojú ibi tí wọ́n ti so ìfun. Sìgá náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Paracetamol la sábà máa ń lò. Ẹ máa sọ fún gbogbo dókítà tó bá fẹ́ kọ oògùn fún yín, kódà ti eyín.

Mo fẹ́ bímọ. Ìgbà wo ló yẹ?

Wọ́n sábà máa ń ní ká dúró fún oṣù 12 sí 18 lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, kí kílò ti dúró kí oyún tó dé. Ẹ ṣọ́ra, torí obìnrin tí nǹkan oṣù rẹ̀ ti ń ṣe ségesège lè tètè lóyún tí kílò bá ń lọ, hóró ìfètò-sọ́mọ-bíbí sì lè má ṣiṣẹ́ dáadáa lẹ́yìn bypass. Ẹ bi wọ́n nípa ọ̀nà míì.

Àwọn abẹ́rẹ́ tuntun tó ń dín sanra kù yẹn ńkọ́? Ṣé lílò wọn túmọ̀ sí pé iṣẹ́ abẹ mi kùnà?

Rárá. Wọ́n fọwọ́ sí semaglutide fún ìsanra ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2021, wọ́n sì fọwọ́ sí tirzepatide lọ́dún 2023. Wọ́n ń ṣe bíi họ́mọ̀nù tí ìfun fúnra rẹ̀ ń pèsè, GLP-1 tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan. Àwọn dókítà ń kọ wọ́n fún àwọn tí kílò padà sí lára lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ríru bá padà sára rẹ̀, ṣé a máa ń ní kò gbọ́dọ̀ lo oògùn kejì ni? Àmọ́ tí èèyàn bá dá a dúró, kílò sábà máa ń padà, ẹ sì gbọ́dọ̀ ṣọ́ purotéènì àti fítámì gidigidi, torí ebi ò ní pa yín.

Iṣẹ́ abẹ ẹlẹ́ẹ̀kejì ńkọ́?

Ó wà. Wọ́n lè sọ sleeve di bypass, wọ́n lè tún ẹnu ọ̀nà tó fẹ̀ ṣe. Ewu rẹ̀ pọ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Tẹ́nikẹ́ni bá ní òun á tún yín gé láìbi yín bí ẹ ṣe ń jẹun, láìṣe àyẹ̀wò kankan, ẹ gba ọ̀dọ̀ dókítà míì lọ.

Kílò ti padà sí mi lára, ojú sì ń tì mí láti padà sí ilé ìwòsàn. Kí ni kí n ṣe?

Ìbéèrè tí wọ́n ń fi ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ bi mí jù nìyí, òun náà ló jẹ́ kí n kọ gbogbo èyí.

Lọ́dún kẹrin, kílò mẹ́fà padà sí mi lára. Mo ní ọjọ́ ìpàdé pẹ̀lú dókítà, mi ò lọ. Mo ní kí n kọ́kọ́ gbé e sọ nù ná, kí wọ́n má bàa bá mi báyìí. Mo fa àkókò yẹn síwájú, mo tún fà á, títí tó fi di ọdún méjì. Mo ti dá fítámì dúró láàárín ẹ̀, torí ó ń rán mi létí. Ó wá ń rẹ̀ mí ṣáá. Àtẹ̀gùn kan ṣoṣo, mo ti ń mí hẹlẹ. Mi ò rìn mọ́, kílò mẹ́fà di mọ́kànlá. Mo rò pé mo ti di ọ̀lẹ ni, mo sì ń bú ara mi lójoojúmọ́.

Ẹni bá dákẹ́, tara ẹ̀ a bá a dákẹ́. Ọ̀rẹ́ mi kan ló fà mí lọ. Nígbà tí èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ dé, irin mi ti lọ sílẹ̀ gan-an, B12 náà ò dáa. Kì í ṣe ọ̀lẹ. Ó gba oṣù mélòó kan kí okun tó padà, ẹsẹ̀ mi sì tún mọ ọ̀nà. Mẹ́jọ nínú kílò mọ́kànlá yẹn ti lọ. Mẹ́ta tó kù ṣì wà lára mi, mi ò bá wọn jà.

Tí ẹ bá fẹ́ lọ, tí ẹ ò mọ ohun tí ẹ máa sọ, ẹ mú àwọn nǹkan yìí dání: iye kílò tí ẹ kéré jù dé, iye tí ẹ wà báyìí, orúkọ gbogbo oògùn tí ẹ ń lò, àti ìwé ohun tí ẹ jẹ fún ọjọ́ méje láìfi nǹkan kan pamọ́. Tí iṣẹ́ abẹ yín bá ti pẹ́ tí ilé ìwòsàn yẹn ò sí nítòsí mọ́, dókítà ìdílé lè kọ àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ná. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá ń bì láìdáwọ́ dúró, tí inú bá ń run yín burúkú, tí ìgbẹ́ bá dúdú bí ọ̀dà, tàbí tí ojú ń ṣe bàìbàì tí ẹsẹ̀ ò dúró lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan tí ẹ ò rí oúnjẹ jẹ, ẹ má ṣe dúró de ọjọ́ ìpàdé kankan. Ọjọ́ yẹn gan-an ni kí ẹ lọ.